Ìrẹsì Tó Kọjá Òkúta Ààlà

Èmi Mayandi tí ẹ ń wò yìí, èmi nìkan ṣoṣo, ni mo gbé òkúta ààlà ìlú Karuvelampatti rù lọ́sàn-án gangan, tí mo bá a sáré fún máìlì mẹ́ta láìmí, láìlàágùn, tí mo sì ń fi ọwọ́ kejì bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ jẹ. Òkúta náà wúwo ju akọ ẹfọ̀n mẹ́rìnlá lọ. Nígbà tí mo sọ ọ́ kalẹ̀, ilẹ̀ mì dé etí òkun, gbogbo adìẹ agbègbè wa sì yé ẹyin méjì-méjì lẹ́ẹ̀kan náà nítorí ìbẹ̀rù.

Bí mo ṣe sọ ọ́ gan-an nìyẹn fún ọkùnrin kan tó wọ awò ojú, tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ìsọ̀ tíì Irulayi lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá. Ọkùnrin náà gbé báàgì lé itan. Ó fẹ́ atẹ́gùn sí tíì rẹ̀, ó ní, "Ìwọ nìkan?"

"Èmi nìkan."

"Kò sẹ́ni tó ràn ẹ́ lọ́wọ́?"

"Ta ni yóò ràn mí lọ́wọ́? Àwọn ará ìlú yìí? Àwọn tí oorun ọ̀sán ò jẹ́ kí wọ́n lè gbé orí ara wọn?"

Irulayi tó ń da tíì láti inú ife kan sí èkejì pòṣé. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà ní kí n máa bá a lọ, òun fẹ́ mọ ohun tó ń mú èèyàn gbé ààlà ìlú kúrò níbi tó wà. Mo sì sọ ọ́ fún un. Ohun tí mo sọ náà ni mo ń kọ sílẹ̀ yìí. Ìwé kẹrin ni mo kà mọ. Tíṣà mi ló ní bí mo bá wọ ìwé karùn-ún, òrùlé ilé ẹ̀kọ́ á wó. Bí ẹ bá rí àṣìkọ, ẹ fi ojú fò ó. Bí ẹ bá sì fẹ́ bi mí bí mo ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ tí èèyàn méjì sọ ní ìkọ̀kọ̀, etí mi yìí máa ń gbọ́ ìgbà tí èèrà bá sín ní ìlú kejì.

Òkúta kì í dédé rìn. Ìfẹ́ ló gbé tiwa rìn, ìfẹ́ àti ẹ̀kúnwọ́ ìrẹsì sísè kan.

*

Ọdún méje ṣáájú ọjọ́ tí òkúta rìn, ọdún Ìyá Mari, òrìṣà ìlú wa, ti wọ ọjọ́ kẹta. Oòrùn ọjọ́ náà mú débi pé òjìji mi fi mí sílẹ̀, ó lọ jókòó sábẹ́ igi àjàgbọn.

Pechi jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé Ìyá Mari, ó ń sín òdòdó funfun olóòórùn dídùn. Ó fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ di orí okùn mú, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì ń yára bí ẹsẹ̀ aláǹgbá. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni, òun nìkan sì ni Baba Sonaimutu, àwòrò Ìyá, bí sáyé. Ìyá tó bí i ti kú tipẹ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ìkòkò tuntun wà lórí ààrò, ìrẹsì Ìyá ṣẹ̀ṣẹ̀ jinná nínú rẹ̀.

Ibẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ kan ti yọ. Ọkùnrin tó gùn ún ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀pá ìpẹja, ṣẹ́ẹ̀tì kákí rẹ̀ tutù fún òógùn. Orúkọ rẹ̀ ni Katiresan, akódà kóòtù ni, ẹni tó ń gbé ìwé adájọ́ kiri abúlé. Ó kí i, ó yọ ìwé gbọọrọ kan jáde, ó ṣí ìgò gọ́ọ̀mù rẹ̀. Gọ́ọ̀mù ti gbẹ gan-an bí èékánná. Ó tu itọ́ sí i. Ó fi igi rò ó. Ó tún tu itọ́ sí i.

"Ọ̀gá," Pechi ní, "itọ́ yín á tán kí nǹkan yẹn tó rọ̀."

"Oòrùn ìlú yín ló pa á. Níbi tí mo ti ń bọ̀, oòrùn ní ojú àánú."

"Ẹ̀yin lẹ gbé e wá. Kẹ́ ẹ tó dé, òjò ló ń rọ̀."

Katiresan gbójú sókè wo sánmà tí kò rí ìkùukùu láti oṣù márùn-ún, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ló ba nǹkan jẹ́. Ẹ̀rín náà ni Pechi gbọ́ tó fi gbójú sókè wo ẹni tó ń rín in, tí òdòdó kan sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ dúró," ó ní. Ó bu ìrẹsì ẹ̀kúnwọ́ kan nínú ìkòkò, ó fẹ́ ẹ, ó fi àtẹ́lẹwọ́ lọ̀ ọ́ títí ó fi fà bí ọ̀dà. Ó fi í pa ẹ̀yìn ìwé náà láti òkè délẹ̀. Ìka wọn kan ara wọn létí ìwé. Ìrẹsì kan lẹ̀ mọ́ àtàǹpàkò Katiresan, kò sì nù ún kúrò.

Àwọn méjèèjì ló jọ tẹ ìwé náà mọ́ ìlẹ̀kùn Ìyá.

"Ó lẹ̀," Pechi ní. "Òjò ogún ọdún ò lè ṣí i. Kí ló tiẹ̀ wà níbẹ̀? Òyìnbó ni wọ́n kọ, mi ò lè kà á."

Ojú Katiresan yí padà. "Wọn ò tíì sọ fún yín ni?"

"Sọ kí ni?"

Ó fi ọwọ́ tọ́ ìlà kan, ohùn rẹ̀ sì wálẹ̀. "Kóòtù ní kí wọ́n dá ọdún yìí dúró. Kí wọ́n ti ìlẹ̀kùn. Láti òní lọ."

Pechi wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tí ìrẹsì ṣì lẹ̀ mọ́. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ọlọ́pàá dé pẹ̀lú àgádágodo ńlá kan tó tó orí ọmọ màlúù, wọ́n lé Baba Sonaimutu jáde, wọ́n sì ti Ìyá mọ́lé.

*

Ọ̀rọ̀ tó gbé kóòtù wá kò ju báyìí lọ. Lọ́dọọdún, wọ́n á gbé Ìyá sínú kẹ̀kẹ́ ńlá onígi, wọ́n á fi okùn fà á yí Àdúgbò Òkè ká, wọ́n á dá a padà sílé. Àdúgbò Ìsàlẹ̀ ní ó tó gẹ́ẹ́: bó bá jẹ́ ìyá gbogbo wa ni, kí ló dé tí kì í yà sọ́dọ̀ àwọn? Àdúgbò Òkè ní bí àwọn baba ti ń ṣe é nìyẹn, kẹ̀kẹ́ Ìyá ò ní wọ Ìsàlẹ̀ láéláé. Àwọn méjèèjì gba kóòtù lọ lọ́jọ́ kan náà, nínú bọ́ọ̀sì kan náà, wọ́n kọ ẹ̀yìn síra wọn. Adájọ́ ní kí ọdún ṣì dúró ná títí ẹjọ́ á fi parí.

Ṣùgbọ́n ọdún tiwa kì í mọ ìdúró. Ọjọ́ tó bá ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n á so òwú tí wọ́n fi atalẹ̀ pupa pa láró mọ́ ọwọ́ Ìyá, wọ́n á sì so ìkejì rẹ̀ mọ́ ọwọ́ ọ̀tún àwòrò. Láti ìgbà náà, àwòrò ò gbọdọ̀ kọjá òkúta ààlà, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ ṣe ìgbéyàwó nínú ìlú. Ọjọ́ kẹwàá, níwájú Ìyá nìkan, ni wọ́n ti ń tú u. Ọjọ́ mẹ́wàá péré. Ta ni ò lè fara da ọjọ́ mẹ́wàá?

Ọjọ́ kẹta ni wọ́n ti ìlẹ̀kùn. Òwú wà lọ́wọ́ Ìyá nínú ilé, òwú wà lọ́wọ́ Baba lóde, kò sì sí ibi tí wọ́n ti fẹ́ tú u. Ọjọ́ mẹ́wàá di ọdún méje.

Ìlú wa dákẹ́. Èmi tí mo ní ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí mo ń fi kọrin níbi ìgbéyàwó, àwọn aláǹtakùn ló gbé inú rẹ̀, wọ́n bímọ síbẹ̀, wọ́n sin òkú síbẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin ń dàgbà jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Àwọn èèyàn tí wọ́n jọ ń pọn omi tẹ́lẹ̀ wá ń pọn ọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ẹyọ ẹnì kan ṣoṣo ló ń wọlé tọ̀ wá. Bí adájọ́ bá ti sún ẹjọ́ síwájú, ìwé tuntun á jáde. Bí ìwé bá ti jáde, kẹ̀kẹ́ Katiresan á yọ.

"Ẹ káàbọ̀, Ọ̀gá Onígọ́ọ̀mù," Pechi á ní. Ó ti ń ta òdòdó nídìí ibùdókọ̀ báyìí, torí Ìyá kò ra mọ́. "Ṣé tòní rọ̀?"

"Ó rọ̀ bí ọkàn mi."

"Ẹ gbọ́ ẹnu akódà! Ẹ̀yin tí wọ́n máa ń rí yín tí àgbàlagbà á sá gba ẹ̀yìnkùlé."

"Ìwọ ò sá."

"Ẹsẹ̀ ló ń dùn mí lọ́jọ́ yẹn."

Á ra òdòdó. Pechi á bi í ta ló fẹ́ rà á fún, á ní kẹ̀kẹ́ òun ni, á sì so ó mọ́ irin kẹ̀kẹ́ níwájú rẹ̀. Nígbà tó fi máa pé ọdún mẹ́ta, kẹ̀kẹ́ náà ti jẹ́ ìyàwó ju gbogbo ìyàwó agbègbè wa lọ.

Lọ́jọ́ kan lọ́dún kẹrin, Katiresan jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ apẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kò rẹ́rìn-ín. "Pechi, mo fẹ́ jẹ́wọ́ nǹkan kan. Ìgbàkígbà tí adájọ́ bá sún ẹjọ́ yìí síwájú, inú mi máa ń dùn, torí mo mọ̀ pé màá rí ẹ. Lẹ́yìn náà, ojú á wá tì mí."

"Kí ló ń tì yín lójú?"

Ó na ọwọ́ rẹ̀. "Ọwọ́ tó fi òwú sílẹ̀ lọ́wọ́ Bàbá nìyí."

Pechi wo ọwọ́ náà pẹ́. Ó gbé tirẹ̀ lé e. "Kì í ṣe ọwọ́ yín nìkan," ó ní, ohùn rẹ̀ kò dé ibi kan. Títí di ọjọ́ náà, kò tíì sọ fún bàbá rẹ̀ pé ìrẹsì Ìyá fúnra rẹ̀ ni òun fi ti ìlẹ̀kùn mọ́ Ìyá.

*

Katiresan wá dọ̀bálẹ̀ níwájú Baba Sonaimutu lọ́dún karùn-ún. Baba jókòó sí ẹnu ọ̀nà, irùngbọ̀n rẹ̀ ti kan àyà. Òwú ọwọ́ rẹ̀ ti dúdú.

"Dìde, ọmọ mi," Baba ní. "Ìwé rẹ ló lé mi jáde nílé Ìyá, síbẹ̀ mo fẹ́ràn rẹ. Ṣùgbọ́n ọwọ́ wo lo fẹ́ kí n fi fa ọmọ mi fún ẹ?" Ó gbé ọ̀tún sókè. "Èyí kì í ṣe tèmi, ti Ìyá ni títí wọn ó fi tú u." Ó gbé òsì sókè. "Àbí ọwọ́ òsì ni kí n fi fún ẹ, bí ẹni ń ju egungun sájá?"

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí wọ́n tú òwú yẹn. Ọdún márùn-ún ti tó."

Gbólóhùn yẹn ò tíì délẹ̀ tí ìlú ti gbọ́. Ayyakannu, olórí Àdúgbò Òkè, tí irunmú rẹ̀ gùn tó ìwo àgbò, sáré wá pẹ̀lú ọ̀pá. "Ta ló fẹ́ tú u? Lọ́yà wa ti sọ fún adájọ́ pé ọdún ṣì ń lọ lọ́wọ́, pé bó ṣe bẹ̀rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ parí. Òwú yẹn ni ẹ̀rí wa!"

Màmá Kuruvammal, àgbà Ìsàlẹ̀ tí kò léyín mọ́, yọ láti ọ̀nà kejì. "Ẹni bá tú u, màá tú ìfun rẹ̀! Lọ́yà tiwa náà ní ọdún ṣì ń lọ, kẹ̀kẹ́ Ìyá ṣì lè ya ọ̀dọ̀ wa. Ẹ̀rí wa ni!"

Àwọn méjèèjì wo ara wọn. Láti ọdún márùn-ún, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n máa sọ ohun kan náà. Kò múnú ẹnikẹ́ni dùn.

Lẹ́yìn èyí ni ìyá Katiresan rí ọmọ kan fún un ní ìlú wọn. Pechi gbọ́. Nígbà tí kẹ̀kẹ́ tún yọ, kò bi í léèrè gọ́ọ̀mù.

"Ẹ lọ fẹ́ ọmọ tí Màmá rí."

"Ohun tó wà lọ́kàn rẹ nìyẹn?"

"Ọkàn mi kọ́ ló ń sọ̀rọ̀. Ọgbọ́n mi ni."

"Kí ọgbọ́n rẹ panu mọ́," Katiresan ní, "kí ọkàn rẹ sún díẹ̀, kí n jókòó."

Omi bọ́ lójú Pechi. Ó sún apẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Katiresan jókòó. Wọ́n jókòó bẹ́ẹ̀ títí bọ́ọ̀sì mẹ́ta fi kọjá.

*

Ẹ̀gún ló bẹ̀rẹ̀ òpin rẹ̀. Ìlú ẹlẹ́gùn-ún ni tiwa, orúkọ rẹ̀ ti wí i: orúkọ igi ẹlẹ́gùn-ún ló wà nínú Karuvelampatti. Ọdún keje, ẹ̀gún kékeré kan gún Baba Sonaimutu ní gìgísẹ̀. Baba ní àtọ̀gbẹ, egbò rẹ̀ kò jinná. Ó wú, ó dúdú, òórùn rẹ̀ sì wọ ilé mi láti ẹ̀yìn ògiri. Nọ́ọ̀sì kan wá láti ọsibítù Punnaiyur, máìlì mẹ́ta sí wa. Ó ṣí aṣọ lójú egbò, ó dì í padà, ó ní kí wọ́n gbé e wá lónìí, kì í ṣe lọ́la.

Punnaiyur wà lẹ́yìn òkúta ààlà.

Pechi mú ọ̀bẹ òdòdó rẹ̀, ó kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n gé e."

"Bó o bá gé e, to igi tí wọ́n á fi sun òkú mi sílẹ̀ kó o tó sọ ọ̀bẹ kalẹ̀."

"Ẹ máa kú, Bàbá!"

"Ìyá wà nínú ilé níbẹ̀ láti ọdún méje, Pechi. Nínú òkùnkùn. Kò sẹ́ni tó tan iná, kò sẹ́ni tó gbé ìrẹsì fún un. Èmi nìkan ni mo ṣì so òwú pẹ̀lú rẹ̀. Ṣé nítorí ẹsẹ̀ kan ni kí n fi í sílẹ̀ lóun nìkan?"

Pechi sọ ọ̀bẹ nù. Ó sá jáde lọ jókòó sídìí òkúta ààlà, ó ń sunkún bí ọmọ tí wọ́n gbàgbé sọ́jà. Katiresan bá a níbẹ̀. Èmi náà bá wọn níbẹ̀, torí n kì í pẹ́ dé ibi tí wọn ò pè mí sí. Mo fẹ́ pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Mo ní, "Bí Baba ò bá kọjá òkúta, kí òkúta máa lọ níwájú, kí Baba máa tẹ̀ lé e."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Katiresan wò mí bí ẹni pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ hu ìyẹ́.

"Mo ti gbé ìwé ẹjọ́ yìí kiri fún ọdún méje," ó ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé ìlú Karuvelampatti dé ibi tí òkúta ààlà bá wà. Wọn ò kọ ibi tí òkúta wà."

"Wọ́n á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín," Pechi ní.

Katiresan ti bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì kákí rẹ̀.

A bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ilẹ̀. Ọ̀sán gangan ni, gbogbo ìlú ń sùn. Ìró irin lórí òkúta ló jí wọn. Màmá Kuruvammal kó àwọn ọkùnrin Ìsàlẹ̀ dé. Ayyakannu kó àwọn ti Òkè dé, ọ̀pá lọ́wọ́ wọn.

"Ta ló ń hú ààlà baba mi?"

"Àwòrò ń kú lọ," Màmá Kuruvammal dá a lóhùn. "Bó bá kú, wọ́n á sun òun àti òwú pọ̀. Kí ni lọ́yà tìrẹ fẹ́ fi han adájọ́ nígbà náà? Irunmú rẹ?"

Ayyakannu ronú. Mo rí i bó ṣe ń rò ó, ó le fún un bí ẹní ń bímọ. Ó sọ ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀.

Wọ́n fi okùn di òkúta náà mọ́ ọparun méjì. Mẹ́rin láti Òkè, mẹ́rin láti Ìsàlẹ̀. Nígbà tó dé èjìká wọn, wọn ò lè gbéra, torí àwọn Òkè ní àwọn ni wọ́n ń ṣáájú, àwọn Ìsàlẹ̀ ní láéláé. Òkúta wà lórí èjìká, oòrùn ń yan wọ́n, Baba ń kérora lórí ibùsùn onókùn tí wọ́n fi gbé e jáde, ìjà ni wọ́n ń jà.

"Èmi ni màá ṣáájú," Pechi ní.

Ó bọ́ síwájú. Kò gbé nǹkan kan lọ́wọ́. Òkè àti Ìsàlẹ̀ tẹ̀ lé e, òkúta láàárín wọn, Baba lẹ́yìn òkúta ní ìṣísẹ̀ kan péré, ojú rẹ̀ kò kúrò lára rẹ̀, ọwọ́ òsì rẹ̀ di òwú ọ̀tún mú. Ní ọdún méje, ohun kan ṣoṣo tí àdúgbò méjèèjì jọ gbé nìyẹn. Kò sí ìlù, kò sí orin. Èrò ẹjọ́ ló wà lọ́kàn oníkálùkù. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí wọn lókèèrè á rò pé Ìyá ló jáde.

Èmi ńkọ́? Mo ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, èmi nìkan ni mo gbé e. Àwọn mẹ́jọ yẹn kàn fi èjìká bà á ni.

*

Wọ́n ri òkúta mọ́ ẹ̀yìn ọgbà ọsibítù. Baba wọlé tọ dókítà láìkọjá ààlà ìlú rẹ̀.

Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó fa Pechi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Oró egbò ti wọ ẹ̀jẹ̀. Ká ní wọ́n gbé e wá lóṣù kan sẹ́yìn ni. Òun lè mú kí ìrora náà dẹwọ́. Òun ò lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Pechi padà wọlé, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, èmi ni. Ọjọ́ tí Katiresan mú ìwé dé, gọ́ọ̀mù rẹ̀ gbẹ. Mi ò mọ ohun tó wà níbẹ̀. Èmi ni mo bu ìrẹsì Ìyá fún un. Èmi ni mo lẹ̀ ẹ́."

Baba ní, "Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀?"

"Ọdún méje ni mo ti ń jókòó níwájú ìlẹ̀kùn yẹn. Ṣé mi ò ní mọ ìrẹsì tí mo ń sè láti kékeré? Àwọn èèrà ń wá jẹ ẹ́ létí ìwé." Ó fi ọwọ́ pa á lórí. "Ìwé kóòtù yòókù bọ́ nígbà òjò. Tìrẹ ò bọ́. Mo ní, bí Ìyá bá kọ̀ ọ́, ṣé á jẹ́ kí oúnjẹ ẹnu òun lẹ̀ mọ́ ìlẹ̀kùn òun? Mi ò bínú sí ẹ rí. Ìwọ lò ń dúró kí n bínú."

Pechi fi orí lé ẹsẹ̀ tó ṣì dára, ó sunkún títí ara rẹ̀ fi rọ̀.

"Pe Katiresan," Baba ní. "Ẹ gbé mi lọ sídìí òkúta lọ́la kí oòrùn tó mú. Òkúta tó lè rìn nítorí mi, ó yẹ kí èmi náà rìn díẹ̀ nítorí yín."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n gbé ibùsùn rẹ̀ sídìí òkúta, níhà tiwa. Pechi àti Katiresan dúró ní ìṣísẹ̀ kan sí òdìkejì, lórí ilẹ̀ onílẹ̀, níbi tí èèwọ̀ òwú ò dé. Aṣọ Pechi ti gbó létí. Òdòdó tó wà ní irun rẹ̀ ni Katiresan tú lára kẹ̀kẹ́.

Katiresan mú okùn ìyàwó tí wọ́n fi atalẹ̀ pupa pa láró, ó nà án yí ọrùn Pechi ká.

"Ẹ ta kókó rẹ̀ dáadáa, ọkọ mi," Pechi ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Kó má lọ gbẹ bíi gọ́ọ̀mù yín."

"Eléyìí ò ní bọ́, olódòdó mi. Ìwọ náà lo kọ́ mi bí nǹkan ṣe ń lẹ̀."

Ó ta kókó mẹ́ta, wọ́n di tọkọtaya. Baba ti bu ìrẹsì aláwọ̀ ìyeyè tí a fi ń súre fún ìyàwó sí ọwọ́ ọ̀tún, ọwọ́ olówùú náà. Ó wo òkúta, ó wo ọmọ rẹ̀.

"Ọwọ́ mi ò lè kọjá," ó ní. "Ìrẹsì lè kọjá."

Ó jù ú. Ìrẹsì fò lórí òkúta, ó bọ́ sórí irun wọn, sí èjìká wọn. Ó tún bu òmíràn, ó tún jù ú. Nígbà tí kò lókun mọ́, Màmá Kuruvammal bu tirẹ̀ jù. Ayyakannu wo ọ̀tún, ó wo òsì, òun náà bu díẹ̀. Mo gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn mi sí òdìkejì, mo kọ ẹnu rẹ̀ sí ọ̀nà ibòmíràn kó má bàa ba èèwọ̀ jẹ́. Aláǹtakùn méje ló kọ́kọ́ jáde kí orin tó jáde.

Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn rẹ̀ ni Baba Sonaimutu kú. Wọ́n sun òun àti òwú rẹ̀ pọ̀. Àwọn lọ́yà sọ fún adájọ́. Adájọ́ kẹ́dùn, ó sì sún ẹjọ́ síwájú.

Wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Katiresan lóòótọ́. Òun àti Pechi ń ta òdòdó níwájú ọsibítù báyìí. Ilé Ìyá ṣì wà ní títì. Òwú ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú òkùnkùn, ó wá ku Ìyá nìkan. Pechi máa ń wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, á fi òdòdó kọ́ àgádágodo ńlá yẹn lọ́rùn, á fọwọ́ kan etí ìwé, á sì padà sílé. Ìwé náà ò tíì bọ́. Wọn kì í sì í ṣe ìgbéyàwó nínú ìlú wa títí dòní. Ìdí òkúta ni wọ́n ń gbé ọmọ lọ, tÒkè tÌsàlẹ̀. Ibẹ̀ fún, àyè ìlà kan péré ló wà lẹ́yìn rẹ̀, nítorí náà ìlà kan ni gbogbo wọn ń tò sí. Wọn kì í bára wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n kàn ń ju ìrẹsì.

*

Nígbà tí mo sọ ọ́ débẹ̀, ọkùnrin awò ojú náà yọ awò rẹ̀, ó nù ún pẹ́. Mo rò pé ó fẹ́ sunkún. Mo gbé àyà sókè.

"Ìtàn yìí dùn mí," ó ní. "Ṣùgbọ́n ó kù síbì kan. Ìwọ nìkan lo gbé òkúta yẹn?"

"Ẹ̀ẹ̀mélòó ni màá sọ ọ́? Èmi Mayandi, ọmọ Sudalai, ilé onípáànù bulúù!"

"Ó dáa. Mo ti ń wá orúkọ yẹn láti àárọ̀." Ó ṣí báàgì rẹ̀. Ìwé gbọọrọ kan jáde, ìgò kan tẹ̀ lé e. "Èmi ni akódà tuntun. Àwọn ará Punnaiyur ti gba kóòtù lọ. Wọ́n ní ẹnì kan gbé òkúta, ó fi ààlà gbé ọsibítù wọn mì. Adájọ́ fẹ́ rí ẹni náà."

Irulayi gbé ife sílẹ̀. "Ọ̀gá, irọ́ ló ń pa! Èèyàn mẹ́jọ ló gbé e. Òun wà lórí igi àjàgbọn nígbà yẹn, ó ń pariwo pé kí wọ́n rọra!"

"Ẹ ò gbọ́ nǹkan?" mo ní. "Orí igi ni mo wà! Ó tiẹ̀ dà bíi pé n ò sí nílùú. N ò tiẹ̀ tíì délé ayé nígbà yẹn!"

Bàtà mi kan kù sábẹ́ bẹ́ǹṣì, ẹ bá mi gbé e pa mọ́. Mo ti fo ọgbà, mo ti kọjá kànga, kí n tó gbọ́ tí ìgò náà ń lu etí bẹ́ǹṣì, kó-kó-kó, bí ohun tó ti gbẹ nínú, àti ohùn akódà tuntun tó ń bẹ Irulayi pé:

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ní ìrẹsì sísè díẹ̀?"